Eré-Ìje Ọkọ̀: Ta Ni Ó Ń San Gbèsè Èéfín Rẹ̀?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wa ní àwọn ìpàdé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa wo eré-ìje ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì mọ orúkọ àwọn awakọ̀ náà bí ẹni mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ní ìnáàpá gbáà ni, wọ́n ní kí àwọn ìjọba fòfin dè é nítorí èéfín tí ó ń tú sáyé. A pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, kí á má baà dà bí adájọ́ tí ó dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè ní, kí ló kan ará Ọ̀jọ́ nínú eré àwọn olówó? Ó kàn wá. Ìlú ọkọ̀ ni ìlú wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ níhìn-ín, lẹ́bàá títì Èkó sí Àgbádárìgì. Àwọn ará Jámánì ti kó ẹrù wọn lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ dánfó láti Mile 2, ẹ ó ṣì gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ ń ké "Volks! Volks!" bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà kò lọ rárá. Èéfín náà kò lọ. Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde nípa afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ní Èkó. Wọ́n ṣírò pé ní ọdún 2018 nìkan, ènìyàn bí 11,200 ni ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ gé ẹ̀mí wọn kúrú, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú títì, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tí ó ń gbé irú ìlú báyìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ènìyàn ń sun epo fún.

Eré-ìje tí ó súnmọ́ wa jù lọ, tí ó sì la ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa já fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ni èyí tí wọ́n ń pè ní Paris–Dakar. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Thierry Sabine, ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1977, ó ṣìnà sínú aṣálẹ̀ Líbíà lórí alùpùpù nígbà tí ó ń díje láti Abidjan lọ sí Nice. Nígbà tí wọ́n rí i yọ, dípò kí ó sá fún aṣálẹ̀, ó ní òun yóò kó àwọn mìíràn wá fojú rí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris. 74 péré ni ó dé Dakar ní Senegal. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2007, ọdọọdún ni wọ́n ń sá a ní ilẹ̀ Afíríkà, tí wọ́n ń gba Algeria, Niger, Mali, Mauritania, Burkina Faso tàbí Guinea, bí ọ̀nà ọdún náà bá ti rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, etí Lac Rose ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí, adágún olómi pupa kan lẹ́bàá Dakar.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn náà láti ojú ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Abúlé kan nìyí nínú aṣálẹ̀, kànga kan ni gbogbo wọn ń fà, ọkọ̀ ẹyọ kan lè má gba ibẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójijì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀, alùpùpù àti lọ́rì já wọ ojú ọ̀nà náà ní eré àsápajúdé. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ tí ó kó táyà, ọkọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ọkọ̀ àwọn oníròyìn àti ti àwọn dókítà, hẹlikópítà sì ń ké lókè. Ewúrẹ́ fọ́n ká. Eruku bo ìkòkò tí ó wà lórí iná. Ní wákàtí mélòó kan gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n epo dúdú tí ó ṣàn sílẹ̀, táyà tí ó bẹ́, ọkọ̀ tí ó jóná tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbé, àwọn wọ̀nyẹn kò bá wọn lọ sí Dakar.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò dé aṣálẹ̀ rí ń rò pé ilẹ̀ òfìfo ni, kò sí ohun tí a lè bàjẹ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èépá tín-ín-rín kan ni ó bo ojú ilẹ̀ tí ó di iyanrìn mú. Bí táyà bá ti fọ́ ọ, afẹ́fẹ́ yóò máa ko iyanrìn náà kiri, ojú táyà yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí kò sí òjò tí yóò pa á rẹ́. Igi tí ó bá wó kò ní arọ́pò kíákíá. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà rí ní Ténéré ní ilẹ̀ Niger, òun nìkan ṣoṣo láàárín iyanrìn tí ó lọ salalu, òun sì ni àwọn oníràkúnmí fi ń mọ̀nà. Ní ọdún 1973, lọ́rì kan wó o lulẹ̀. Nínú gbogbo aṣálẹ̀ tí ó tẹ́jú bẹẹrẹ, ara igi kan ṣoṣo yẹn ni lọ́rì náà lọ gbá! Kì í ṣe ti eré-ìje, nítorí eré náà kò tí ì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ọkọ̀ ẹyọ kan lè ṣe hàn wá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey ni òkú igi náà wà.

Ọdún 1988 ni ariwo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù. Ènìyàn mẹ́fà kú. Mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe olùdíje: ọmọbìnrin kékeré kan ní Mali tí ó fẹ́ sọdá ọ̀nà, àti ìyá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Mauritania. Ìwé ìròyìn ti Vatican pàápàá bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà, ó ní àṣehàn owó àti agbára ni níwájú àwọn tí ebi àti òùngbẹ ń pa. Ní Faransé, àwọn tí ń jà fún ìdáàbòbò àyíká ń pariwo pé kí wọ́n dá a dúró. Wọn kò dá a dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, láàárín ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 kan kú ní Guinea, ọmọ ọdún 12 kan sì kú ní Senegal. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Níhìn-ín, ẹni tí kò jẹ gbì ni ó kú gbì.

Kí ni ó wá mú eré náà kúrò ní Afíríkà? Ó yẹ kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Kì í ṣe ikú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kì í sì í ṣe igi tàbí iyanrìn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2007, wọ́n pa arìnrìn-àjò mẹ́rin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní Mauritania. Ẹ̀rù ba àwọn alákòóso fún ẹ̀mí àwọn olùdíje, wọ́n sì fagi lé eré náà ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, ní ọ̀la tí wọn ìbá gbéra ní Lisbon. Láti ọdún 2009 dé 2019, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chile fi kígbe pé ọkọ̀ ń gun orí ibi tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ wọn ṣe iṣẹ́ sí nínú aṣálẹ̀ Atacama. Láti ọdún 2020, Saudi Arabia ni wọ́n ti ń sá a. Orúkọ Dakar ṣì wà lára rẹ̀ o, bí ẹni ṣí kúrò nílé tí ó sì kó nọ́ḿbà ẹnu ọ̀nà dání.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo eré kejì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò jù, Formula One. Níbí ni ìṣirò ti ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, a sì fẹ́ kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn alákòóso rẹ̀ fúnra wọn kéde pé èéfín tí ń mú ayé gbóná tí iṣẹ́ wọn ń tú jáde nínú ọdún kan tó 256,551 tọ́ọ̀nù. Lítà epo bẹntiróò kan, bí ó bá jóná, ń mú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 èéfín yìí wá. Bí a bá pín in, ó jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn sun epo tí ó ju mílíọ̀nù 111 lítà lọ. Tánkà tí ó máa ń gba títì wa kọjá, tí ń gbé 33,000 lítà, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,400 kí ó tó gbé epo yẹn tán.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní, àwọn ọkọ̀ yẹn mà ń mu epo! Rárá. Láti ọdún 2019 dé 2025, òfin eré náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ kan lo ju kìlógíráàmù 110 epo lọ nínú ìdíje kan. Ogún ọkọ̀ ni ó ń sáré ní àwọn ọdún náà. Gbogbo epo tí gbogbo wọn lè sun ní ọjọ́ ìdíje kò pé 3,000 lítà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tánkà kan. Nínú ìṣirò tí wọ́n kéde, ìdá 0.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti inú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ eré wá. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti inú kíkó ẹrù kiri ayé nínú bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti lọ́rì. Bí ìdá 28 jẹ́ ti ìrìn-àjò àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Bí ìdá 19 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Ní ọdún 1950 tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ìdíje méje ni wọ́n ṣe. Ní ọdún 2024, mẹ́rìnlélógún ni, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, nígbà mìíràn wọn a fo òkun lọ, wọn a tún fò ó padà láàárín oṣù kan.

Nítorí náà, ẹni tí ń pariwo pé kí wọ́n yí epo ọkọ̀ eré padà, etí aṣọ ni ó ń fọ̀. Àwọn alákòóso ti pàṣẹ pé láti sáà ọdún 2026, epo tí a kò wà láti inú ilẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ náà yóò máa lò, wọ́n sì ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, èéfín tí wọ́n ń tú jáde kò ní ju èyí tí wọ́n ń mú kúrò lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí iye ìdíje bá ń pọ̀ sí i, tí ẹrù ṣì ń wọ bàálù, a ó máa ṣọ́ ìlérí náà.

Ìtàn òjé ni ó dùn wá jù nínú gbogbo èyí. Ní ìgbà kan, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróò kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kọ ìró. Òjé inú èéfín a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìbàjẹ́ náà kì í sì í ṣeé wò sàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Afíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar (Dakar náà mà ni!), wọ́n sì fẹnu kò láti mú òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2006, wọ́n ti ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fòfin de epo olójé fún ọkọ̀ ojú títì láti ọdún 1996, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọkọ̀ eré-ìje sílẹ̀. Ọdún 2007 ni àwọn NASCAR, tí ó gbajúmọ̀ jù nínú eré-ìje ọkọ̀ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo olójé sílẹ̀. Àwọn tí a ń pè ní tálákà ilẹ̀ Afíríkà ti pa òjé tì, ẹni tí ń ṣeré sì ṣì ń sun ún lójú àwọn òǹwòran tí wọ́n gbé ọmọ wọn dání.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe láti dín eré-ìje kù? Àwọn kan ń sọ pé kò ṣeé ṣe nítorí owó tí ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn kò bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró ní ọdún 1973, tí epo wọ́n gógó, wọ́n fagi lé ìdíje Monte Carlo ti ọdún 1974, ní Amẹ́ríkà sì ni wọ́n gé ìdíje Daytona láti 500 máìlì sí 450. Nígbà tí ọkọ̀ kan fò wọ àárín èrò ní Le Mans ní oṣù Kẹfà ọdún 1955, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rin, ilẹ̀ Switzerland fòfin de eré-ìje ọkọ̀ lójú pápá, òfin náà sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayé kò parẹ́. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé bí epo bá wọ́n tàbí bí ẹ̀mí òǹwòran ilẹ̀ Yúróòpù bá bọ́ sínú ewu, eré a dúró. Ti ọmọ abúlé ní Mali ni kì í dá eré dúró.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Ìsìláàmù kò kórìíra eré-ìje. Nínú Bukhari, Abdullahi ọmọ Umar (R.A.) ròyìn pé Ànábì wa (S.A.W.) mú kí wọ́n fi ẹṣin sáré: àwọn ẹṣin tí a ti kọ́ sáré láti Hafyā dé Thaniyyatul-Wadā'i, ọ̀nà bíi máìlì mẹ́fà; àwọn tí a kò tí ì kọ́ sáré láti Thaniyya dé mọ́sálásí Banū Zurayq, bíi máìlì kan. Abdullahi fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó gun ẹṣin. Ẹ wò ó dáadáa. Eré yẹn ní ibẹ̀rẹ̀ àti òpin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì ní òṣùwọ̀n: ẹṣin tí ara rẹ̀ kò tí ì gbà á, wọn kò fi ọ̀nà jíjìn dá a lóró. Ìwúlò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹṣin wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń dáàbò bo ìlú.

Ní ọwọ́ kejì, Ọlọ́hun (S.W.T.) kìlọ̀ nínú Sūratul-Isrā'i nípa àwọn onínàákúnàá, pé ọmọ ìyá èṣù ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ sì fi ìlànà kan lélẹ̀ láti inú àdíìsì, pé kí ènìyàn má ṣe pa ara rẹ̀ lára, kí ó má sì pa ẹlòmíràn lára. Ìlànà yìí ni a fẹ́ fi wọn eré-ìje ọkọ̀. Awakọ̀ tí ó mọ ewu tí ó sì gbà á, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ta ni ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tí ń mí èéfín sínú, ta ni ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ìwà àwọn òyìnbó ni. Bahrain ti ń gba àlejò Formula One láti ọdún 2004, Abu Dhabi láti 2009, Qatar àti Jeddah láti 2021. Aramco, ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ Saudi, wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ ńlá rẹ̀ láti ọdún 2020. Ilé tiwa náà ń jó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tí ó bá ń ta kò wá yóò sọ, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn. Yóò ní: bàálù àwọn alálàájì ńkọ́, ṣé kì í tú èéfín? Ó ń tú u. Ṣùgbọ́n Haji jẹ́ ọ̀ranyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé lórí ẹni tí ó ní agbára, eré-ìje kì í ṣe ọ̀ranyàn lórí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti ṣe Haji tirẹ̀ tán tí ó wá ń fi Umrah ọdọọdún ṣe fáàrí, a gbà pé ọ̀rọ̀ yìí bá òun náà wí díẹ̀. Wọn a tún ní eré-ìje ni ó bí ọ̀pọ̀ ohun dáadáa tí ó wà lára ọkọ̀ wa, bíi bíréèkì onípáálí-irin tí Jaguar fi borí ní Le Mans ní ọdún 1953. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2024 pẹ̀lú, ọkọ̀ Audi tí iná mànàmáná ń yí táyà rẹ̀ ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Dakar. Nítorí ìwúlò báyìí ni a kò ṣe bá àwọn tí ó ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ run ṣọwọ́ pọ̀.

Ìdájọ́ tiwa ni pé kí wọ́n fi gbèdéke sí i. Kí iye ìdíje dín kù, kí wọ́n sì to ìrìn-àjò wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé kí ẹrù má máa fo òkun lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọ̀nà eré má gba àárín abúlé kọjá mọ́, kí ẹni tí ó da epo sílẹ̀ sì padà wá kó o. Èyí kì í ṣe àlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, eré kan tí wọ́n ń pè ní Extreme E wáyé ní etí Lac Rose yẹn gan-an, ọkọ̀ oníná ni gbogbo wọn, wọn kò gba èrò òǹwòran láàyè, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó ẹrù wá, wọ́n sì bá àwọn ará Senegal gbin igi tí ń hù sínú omi iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀bùn ṣì kù, a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Àdíìsì kan wà nínú Abu Dawud àti Tirmidhi tí ó ka ohun mẹ́ta tí a lè gba ẹ̀bùn lé lórí nínú ìdíje: ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà. Ǹjẹ́ ọkọ̀ wọ inú rẹ̀? Àwọn onímọ̀ kò sọ ohun kan náà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé onígbọ̀wọ́ ni ó fi owó náà sílẹ̀, tí kì í ṣe àwọn olùdíje. Kí olúkúlùkù ka orí tí ó dá lé ìdíje nínú ìwé fíkìhì tí ó bá ní lọ́wọ́ kí á tó pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, in shā' Allāh, kí a sì mú ìbéèrè wa wá fún àwọn àfáà.